Ẹni Tí Mi Ò Kí

Níbi tá a ti tò fún bọ́ọ̀sì BRT l'Ábúlé Ẹ̀gbá, obìnrin kan níwájú mi ń sọ fún ìyá àgbàlagbà kan nípa ọkọ rẹ̀, tí irin já lé lórí níbi iṣẹ́, tó kàn ń lajú lásán ní ọsibítù, tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí mira.

"Dókítà lẹ wáyà mọ́ wọn lórí, ó ní kí wọ́n fọkàn rò ó pé àwọn ń di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀rọ fi hàn pé ọpọlọ wọn dáhùn. Wọ́n ń gbọ́ wa, Ìyá."

"Alihamdulilahi!"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá wọlé, mo máa kí nọ́ọ̀sì, mo máa kí aláìsàn ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn nìkan ni mi ò kí mọ́, torí mo rò pé wọn ò gbọ́ mi."

"Lọ kí wọn lónìí."

"Tí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní ibo ni mo ti wà ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mo sì wà níbẹ̀."