Ẹni Tó Fọ́ Ohùn Ìyá Rẹ̀ Lórí Òkúta

"Ẹ dákun, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Òtítọ́ kan wà lọ́kàn mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Tí mo bá gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó lè má bá mi jáde mọ́."

Bí Eyínfúnjowó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun nini, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Àìsàn ti mú un rù hangogo, dókítà sì ti là á fún un pé iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀ yẹn, bó-yè-bó-kú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga kan, ìyàwó jókòó sórí òmíràn tó jìnnà sí i, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọbìnrin wọn, tóun náà ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ àǹtí rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀ ikú," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O ò ní kú."

"Bùrọ̀dá mi, kì í ṣe ikú ni mo fẹ́ sọ. Irọ́ ni. Mo gbé e mì, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Ọ̀rọ̀ ohùn Màmá ni."

Wọn kì í dárúkọ ohùn Màmá nínú ilé yẹn. Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú tó jìnnà, ìyàwó ló ń wẹ màmá, òun ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má baà bó. Ìyá ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Ìyàwó á gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu, á tan kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ kó máa gba ohùn, ìyá á sì ní kó jáde, kó pa ilẹ̀kùn dé. Títí tí ìyá fi kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n dá ọjọ́ tí gbogbo ẹbí yóò jókòó gbọ́ ọ. Ó ku ọ̀la, ìyàwó gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀ kó lè nu ilé. Nígbà tó tún tan án, fáànù inú rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń ké pii, pii, pii. Wọ́n ránṣẹ́ pe Eyínfúnjowó.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ nínú yàrá, kálukú bá tiẹ̀ lọ," ni Eyínfúnjowó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo gbọ́ igbe yẹn, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe háàdì ló ń ké. Háàdì ni àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù pamọ́ sí. Iná ì báà lọ, ẹrù wà níbẹ̀. Ráàmù ló ń ké. Ráàmù kì í kó nǹkan pamọ́, orí tábìlì iṣẹ́ ni. Iná lọ báyìí, orí tábìlì ṣófo. Gbígbé tí ìyàwó gbé kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kó yẹ̀ nídìí. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Mo yọ wáyà iná, mo tẹ bọ́tìnì kí iná tó ṣẹ́kù sínú lè tán, mo fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná ara mi má baà ṣe é níjàǹbá. Mo yọ ráàmù, mo fi ìrésà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu ẹnu rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, mo tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi dún kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo tan án. Ó tàn. Ohùn Màmá wà níbẹ̀, kò dín kan. Ká ní mo pariwo pè yín nígbà yẹn ni! Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tèmi."

Ọmọbìnrin náà bu omi fún un. Ó mu díẹ̀.

"Màmá ní, 'Ọmọ mi obìnrin, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí o wá. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló tọ́jú mi. Òun ló mọ ibi tó ń dùn mí. Tí n kò bá sí mọ́, òun ni kí o máa pè ní ìyá.' Ẹ sì mọ ohun tí mo ti ń sọ káàkiri níbi ìsìnkú. Mo ní èmi ni mo tọ́jú ìyá mi dópin. Mo sunkún lé e, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ ọmọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá fúnra rẹ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Ojú ìtìjú ni mo sá fún. Mo pa á rẹ́. Kì í ṣe tèmi nìkan. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó lè jọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

"Tèmi ńkọ́?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yí padà. "Kí ni Màmá sọ fún mi?"

"Mi ò gbọ́ tiyín, Bùrọ̀dá. Tèmi nìkan ni mo gbọ́."

Ọkùnrin náà dìde. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tó ṣe, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ṣì kù," ni Eyínfúnjowó wí. "Mo jáde sí yín, mo ní háàdì ti kú, pé ẹni tó fa wáyà rẹ̀ yọ lójijì ló pa á. Bùrọ̀dá ní òun gbọ́ pé àwọn kan wà tó lè yọ nǹkan jáde nínú háàdì tó ti kú. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ kò tíì lọ. Orúkọ ara rẹ̀ lásán ni wọ́n nù kúrò. Ohun náà ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo gbé e lọ. Mo gbé e lé òkúta, mo gbé òòlù, mo lù ú títí àwo tó wà nínú rẹ̀ fi rún wómúwómú. Ohùn ìyá mi ni mo ń lù, mo sì mọ̀."

Eyínfúnjowó yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ lo fẹ́ tú mi fó. O ní, 'Ọkọ mi, ẹ ní háàdì ló kú. Àmọ́ nígbà tí mo ń ti kíṣìnì bọ̀, mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà yẹn ò ké mọ́. Ṣé ara rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yá kó tó kú ni?' Bùrọ̀dá yíjú sí mi. Ẹ̀rù bà mí. Ibẹ̀ ni mo ti pa irọ́ tó burú jù. Mo ní Màmá ti fi fóònù sọ fún mi pé ìyàwó ń fi ebi pa òun, pé òun ti sọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí ìyàwó fi mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Kò tó mi. Mo fa Bùrọ̀dá lọ́wọ́ dé ilé ìyá rẹ, mo tún un sọ níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ àná. Ó ní kí n má bínú, òun ni òun ò kọ́ ọmọ òun dáadáa. Mo dúró, mo gbà á."

"Ṣé ìdí tí Màmá Àgbà kì í fi í wá sílé wa nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà bèèrè.

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lò ń kọ́ yẹn. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọ, inú ilé rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún ọ. Tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, má tọwọ́ bọ ohun tí wọn ò fi rán ọ. Bí o bá ṣàṣìṣe, yára sọ, ọ̀rọ̀ náà kì í le jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó, Bùrọ̀dá, ẹ foríjì mí. Mi ò ní àwíjàre."

Ìyàwó dìde, ó wọ kíṣìnì lọ. Wọ́n gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó ti bọ́jú.

"Ọkọ mi," ó ní, "mi ò tíì mọ̀ bóyá mo lè foríjì yín. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti darúgbó, ìtìjú ohun tí mi ò ṣe ló ń gbé sùn. Lọ́la, a jọ ń lọ."

Ọkọ rẹ̀ yíjú padà. "Ara rẹ̀ ò le tó—"

"Bó ṣe lókun láti lọ purọ́ níbẹ̀ ni kó ṣe lókun láti lọ tú u. Ẹ̀yin náà ń bọ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ló wa ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyínfúnjowó wà lẹ́yìn, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń ro ó mú. Kò sẹ́ni tó tan rédíò.

Ìyá àgbàlagbà ṣílẹ̀kùn, ó rí ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Kí lọmọ mi tún ṣe?"

Ìyàwó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eyínfúnjowó bọ́ síwájú, ó rọra kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Màmá," ó ní, "ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan rí."