Sílíńdà Tí Mo Búra Lé Lórí

Ìgbà tí apá mi ṣì lè dá ẹ́ńjìnnì màṣíìnì gbé kúrò nílẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni… ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ráfíà ọmọ mi, ṣé fóònù ẹ ń gba ohùn mi? Ó ń gbà á? Ó dáa. Tó o bá rí i pé ọ̀rọ̀ ń rú mi lójú lágbedeméjì, má dá mi dúró. Kò tíì yé mi tán dòní.

Ẹ gbọ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì màṣíìnì ni mo ṣe jẹun, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Kò sí irin tí ń ka nọ́ńbà bí èyí tí àwọn ọmọ mẹkáníìkì àdúgbò Basin ń kì bọ sílíńdà báyìí. Ojú àti ìka ni tiwa. Sílíńdà yìí, ihò tí písítìn ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ rí róbótó. Tó bá fi lè wọ́ díẹ̀ báyìí, písítìn á há, ẹ́ńjìnnì á gan, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi, ẹni tó gùn ún á bá ara ẹ̀ nílẹ̀.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Rínǹgì ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí písítìn ká. Mo máa mú tuntun, mo máa fi í sínú sílíńdà, mo máa fi orí písítìn tì í kó lè tẹ́jú. Mo wá gbé e sójú oòrùn, mo di ojú kan. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín rínǹgì àti ara sílíńdà, kò rí róbótó nìyẹn. Mo máa wo òkè, mo máa wo àárín, mo máa wo ìsàlẹ̀. Ta ló ní sùúrù ìyẹn lóde òní?

Wàyí o, Àfáà Sálíù. Ọ̀rẹ́ mi ni, orí ẹní kan náà la ti kọ́ kéwú. Abúlé mẹ́ta ló ń lọ lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní Alùkùránì, màṣíìnì ló sì fi ń lọ. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín, ó gbé e wá. Mo tú u. Mo gbé sílíńdà lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fẹ inú ẹ̀, mo ra písítìn tuntun tó bá a mu. Mo fi rínǹgì wò ó lójú oòrùn, kò sí ìmọ́lẹ̀ bíńtín. Mo so ó pọ̀. Ó lọ.

Kò dé abúlé kejì. Ẹ́ńjìnnì gan lórí eré, ó gbé Àfáà sọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìgbọ̀nwọ́ ló bó. Ọkọ̀ oníṣu tó ń bọ̀ lọ́jà Ipata ló gbé òun àti màṣíìnì wálé.

Mo tú u. Inú sílíńdà ti họ níhà kan, òdìkejì ẹ̀ náà ti họ, ìhà méjì tó kù ń dán bí ìgbà tí mo gbà á. Mo yọ sílíńdà, mo fi rínǹgì wò ó… róbótó! Kí lèyí? Mo ní bóyá òróró ni. Mo ní bóyá ẹrù ló pọ̀ jù. Mo tún lọ fẹ̀ ẹ́, mo ra písítìn tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí n tó so ó, Àfáà wá. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní, "Jímọ̀, ṣé kí n gùn ún?"

Mo gbé sílíńdà sójú oòrùn, mo ní kó wò ó fúnra ẹ̀. Mo ní, "Wàláhì, ó rí róbótó. Alùkùránì tá a jọ kọ́, ó rí róbótó!" Ó wò ó, kò rí ìmọ́lẹ̀. Ó ní ó dáa.

Mo so ó, ó gùn ún lọ. Ọjọ́ kẹta, ẹ́ńjìnnì tún gan, ẹsẹ̀ Àfáà ló kán.

Ẹ gbọ́ mi o! Ojú mi méjèèjì ni mo fi wò ó! Àwọn kan ní mò ń jowú ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó Àfáà gba iwájú mi kọjá, kò kí mi. Ó dùn mí wọnú eegun. Mo gbé sílíńdà náà lọ sílé, mò ń yí i lórí, mò ń yí i nídìí, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ìyá mi ń mọ ìkòkò lọ́wọ́, iṣẹ́ ìdílé wọn nìyẹn. Wọ́n bi mí, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ó rí róbótó nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá wá so ó ńkọ́?" Mo ní, "Ìyá, irin ni. Irin kì í yí padà." Wọ́n wò mí. Ìkòkò tútù kan wà níwájú wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún ẹnu ẹ̀ níhà méjì, ẹnu ìkòkò gùn bí ẹyin. Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe ń dì í?"

Háà. Báwo ni mo ṣe ń dì í? Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di sílíńdà mú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń wí pé, "Jímọ̀, dì í kó ké!" Páìpù gígùn là ń kì bọ ìdí sípánà, a ó di nọ́ọ̀tì kan títí á fi ké, ká tó bọ́ sórí ìkejì. Gbogbo wa lábẹ́ igi yẹn, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Ẹni tí kò bá ki páìpù, wọ́n á ní kò jẹun kánú.

Kí irin wá ṣe bí amọ̀? N kò gbà. Mo wá orí ẹ́ńjìnnì àlòkù kan, irin tó máa ń dé sílíńdà lókè, mo ní kí wẹ́dà gé àárín ẹ̀ kúrò kí n lè máa rí inú. Mo fi dé sílíńdà, mo fi páìpù dì í bí ìṣe mi. Mo fi rínǹgì sínú ẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀! Níhà ibí, níhà ọ̀hún, tín-ín-rín bí irun. Mo tú u, ìmọ́lẹ̀ lọ. Mo dì í, ìmọ́lẹ̀ dé. Mo tú u, mo dì í, mo tú u, títí wọ́n fi pèrun àsárì. Ọwọ́ mi yìí ni. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbúra èké ni mo wá bú? Ohun tí mo búra lé lórí, òótọ́ ni! Mo bi àfáà kan ní mọ́ṣáláṣí, ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lórí mi. Mo bi òmíràn, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo lọ bá Sálíù lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, igi ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, ìkòkò, páìpù, ìmọ́lẹ̀. Mo ní, "Àfáà, n kò purọ́ fún ọ. Ó rí róbótó."

Ó ní, "Jímọ̀, mo mọ̀ pé o ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò bi ọ́ bóyá sílíńdà rí róbótó. Mo ní, ṣé kí n gùn ún?"

Mo dìde, mo padà sábẹ́ igi.

Mo kọ́ láti máa dì í díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀tì yìí, kí n bọ́ sórí òdìkejì ẹ̀, láìsí páìpù. Mo so màṣíìnì náà bẹ́ẹ̀. Àbúrò Sálíù gùn ún fún ọdún méje, kò gan mọ́. Sálíù dárí jì mí, a jọ ń jẹun, ó ń ṣe àdúà fún mi. Ṣùgbọ́n kò gun ohun tí mo tún ṣe mọ́ títí ó fi kú. Ẹsẹ̀ ló fi ń tiro lọ sí abúlé kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ abúlé méjì tó kù ńkọ́? Ta ló kọ́ wọn? N kò mọ̀.

Lọ́jọ́sí, wọ́n mú mi dé Basin, ọmọkùnrin kan ki irin onínọ́ńbà yẹn bọ sílíńdà fún mi wò. Mo ní, "Tó o bá wá dì í ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ti ní ó dáa."

Ráfíà, bó o bá máa dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ohun tó bi ọ́ ni kó o dáhùn… Pa fóònù yẹn. Bá mi bu omi àlùwàlá wá.