Owólabí Ló Tún Láptọ́ọ̀pù Mi Ṣe Kẹ̀?

Àǹtí Bánkẹ́, ẹ jókòó, ẹ má bẹ̀ mí ná! Mo mọ̀ pé Owólabí àbúrò yín, tá a jọ ń ṣe tíṣà, ló rán yín, àmọ́ ṣé ó sọ ohun tó ṣe fún yín? Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún níbi ìpàdé àwọn òbí! Pírínsípà wa ní kó dìde kí gbogbo òbí rí i, pé òun ló tún láptọ́ọ̀pù mi ṣe. Mo fi Ọlọ́run búra, mo wẹ̀yìn wò bóyá Owólabí mìíràn wà níbẹ̀!

Ẹ gbọ́ ná. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la fi ń kọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì mi. Mo wá ṣe kọ̀ǹpútà kejì sínú rẹ̀, kì í ṣe oní-irin o, èyí tó kàn ń gbé inú ti àkọ́kọ́ bí ayálégbé, kí àwọn ọmọ máa bà á jẹ́, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí ti gidi má fara pa. Ó dáa àbí kò dáa? Àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín! Ẹ tẹ lẹ́tà kan, ẹ lọ bu omi mu, ẹ padà dé, lẹ́tà ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú!

Ni àbúrò yín bá ní òun mọ oògùn rẹ̀. Kò bi mí o! Ó kó gbogbo mẹ́mọ́rì, àyè tí ẹ̀rọ fi ń ronú, fún ayálégbé, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún onílé. Bí ebi bá pa onílé kú, ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀, mo tàn án, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ẹ mọ ohun tí Owólabí wí? "Mísìs Afọláyan, ẹ̀yin lẹ di ẹrù rù ú jù." Èmi!

Mo gbé e wọ yàrá àwọn tíṣà, mo tìlẹ̀kùn. Mo pa á, mo tún un tàn láì jí ayálégbé, mo wá pín mẹ́mọ́rì sí méjì, ìdajì fún ti inú, ìdajì fún ti òde. Mo pa gbogbo ọ̀ṣọ́ tó ń jó lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń wọ́! Mo wá wọ ibi ètò téèyàn ń wọ̀ kí ẹ̀rọ tó jí tán, àṣé ọ̀nà tí ti inú fi ń bá ọpọlọ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní tààrà, pípa ló wà! Mo ṣí i. Yééè, Àǹtí mi, ó fò! Mo jó yí tábìlì ká lémi nìkan, mo gbàgbé bàtà mi sábẹ́ àga!

Kàdíjátù inú kíláàsì mi, ọmọ olóbì Ṣàgámù yẹn, ló kọ́kọ́ lò ó lójú àwọn òbí. Baba rẹ̀ pariwo "Alihamudulilahi!" tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo ti ń na aṣọ mi kí wọ́n pè mí. Wọ́n pe Owólabí, ẹni tó ní òun mọ oògùn rẹ̀! Ó dìde, ó tẹrí ba, ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa!

Kí lẹ wí? Kí n fojú fò ó? Ẹ dákun, kí ló dé tí ara ò rọ̀ ọ́? Ṣebí wọ́n ti ní kó lọ tún ti iléèwé kan ṣe ní Òde Rẹ́mọ lọ́la! Kó máa lọ! Ṣebí ó mọ oògùn rẹ̀! Kí ló wá rán yín sí mi fún?

Ẹ dúró. Ta ló wà níta yẹn? Ẹ wá wo ìta láti ojú fèrèsé! Owólabí ló dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun! Háhàháhà! Owólabí, dìde, jàre! Mi ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀. Iwájú àwọn ọmọ àti pírínsípà ni kí o ti lọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí o là á yékéyéké, ẹni tó bà á jẹ́ àti ẹni tó tún un ṣe. Tí o bá sọ ọ́ tán, mo máa bá ọ lọ sí Òde Rẹ́mọ. Háhàhà! Àǹtí Bánkẹ́, ẹ fún un ní omi kó fọ ojú, ẹrẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nímú!