Síkì Bàbá Shirato Kò Ní Àléébù Kankan

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí ojú ewé yìí lọ́dọọdún kí ẹ lè mọ síkì tí ẹ máa rà, ẹ má wá èsì ìdánwò síbí lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún mẹ́ta, ó ti sọ mí di ẹni tí ń ta gìrì bí fóònù bá dún. Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, inú mi ni yóò wà títí wọn yóò fi gbé mi sin. Èmi Odajima Kiyoharu, tí ẹ ń pè ní ọ̀gá àwọn tó ń dán síkì wò, èmi ni mo ba eékún Fumie jẹ́. Kì í ṣe síkì Bàbá Shirato. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, síbẹ̀ mo parọ́ mọ́ àgbàlagbà náà títí ó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Shirato, káfíńtà ni, ní ẹsẹ̀ òkè Asahidake. Tábìlì àti àga ló ń kàn títí orí rẹ̀ fi funfun, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe síkì, ìyẹn pákó gígùn tí à ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Fífẹ̀ ni tirẹ̀, irú èyí tí kì í rì nínú yìnyín ìyẹ̀fun. Èmi, Hamanaka àti ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Fumie la máa ń dán síkì wò fún ìwé ìròyìn yìí. Olúkúlùkù á fi síkì kan sọ̀ kalẹ̀, a ó pàrọ̀ wọn nísàlẹ̀, a ó tún gòkè. A ó gùn ún nínú yìnyín ìyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, nínú yìnyín eléèpo tí oòrùn yọ́ lójú tí òtútù sì tún mú gan, àti nínú yìnyín olómi tó máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ bí amọ̀. Ewu kan wà nínú pípàrọ̀ yìí. Ìdè tó di bàtà mọ́ síkì ní nọ́ọ̀tì tí nọ́ńbà wà lójú rẹ̀. Èmi sanra, mo sì máa ń fò, mẹ́wàá ni mo máa ń yí i sí kó má baà tú lẹ́sẹ̀ mi lójijì. Fumie tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́fà ni tirẹ̀, kí ìdè lè tètè tú bó bá ṣubú, kí síkì má baà lọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òfin wa ni pé ẹni tó ń fúnni ní síkì gbọ́dọ̀ yí nọ́ọ̀tì sí nọ́ńbà ẹni tó ń gbà á, kó sì pè é sókè kí onítọ̀hún gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ gun síkì Bàbá Shirato. Mo ti gun síkì láti kékeré, n kò gbádùn ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo dé ìsàlẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, yìnyín kún irùngbọ̀n mi. Hamanaka pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ orí wáyà pé, “Ọ̀gá, ẹ bọ́ síkì yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì o! Àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni?” Fumie ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Hamanaka. Látìgbà tí ikùn wọn ti yọ, síkì kan ò gbé wọn léfòó báyìí rí.” A rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo sún ẹ̀yìn ìdè síwájú kó lè gba bàtà Fumie tó kéré sí tèmi. Òtútù ta mí lọ́wọ́ bí agbọ́n, mo yára wọ ìbọ̀wọ́ padà, mo mú ìṣù ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja sáàmọ̀ sínú rẹ̀ jáde lápò. Nígbà yẹn ni Fumie bi mí pé, “Nọ́ńbà mi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?” Ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Mo ní, “Mẹ́fà. Mo ti yí i.” Ẹ̀yin èèyàn, n kò yí i. Ká ní mo gbàgbé ni, ì bá sàn. Ọ̀lẹ mú mi láti bọ́ ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì sọ fún ara mi pé kò kúkú sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nítorí Fumie kì í ṣubú.

Fumie ṣubú. Apá òkè tí oòrùn ti sọ yìnyín di eléèpo ló ti ṣubú, ìṣubú jẹ́jẹ́, irú èyí tí ọmọdé máa ń ṣubú tí wọ́n á dìde tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n síkì kò tú. Ó lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè níbi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Hamanaka ti sá lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ orí òkè, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ó dojú bo yìnyín, ó ń mí gúlegúle. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ ọ!” Mo ṣí ìdè náà, mo bọ́ síkì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú mi sì bọ́ sórí nọ́ńbà: mẹ́wàá. Mo gbójú sókè, n kò tíì rí àwọn ẹ̀ṣọ́. Mo mú irin ìyínọ́ọ̀tì jáde lápò. Irin náà já bọ́ lọ́wọ́ mi sínú yìnyín, mo fi ọwọ́ lásán wá a jáde. Ọmọ tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n wà nílẹ̀ tó ń jẹ̀rora, èmi ń yí nọ́ọ̀tì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?” Mo ní, “Mò ń gbọn yìnyín kúrò lára ẹ̀ ni.” Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi kò rántí òtútù rárá.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé Fumie sórí pákó tí wọ́n fi ń wọ́ aláìsàn sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo nọ́ọ̀tì náà, ó ní, “Mẹ́fà ló wà. Kí ló dé tí kò tú?” Gbogbo ojú yí sí mi, nítorí èmi ni àgbà. Mo ní, “Ìrù síkì yìí ti fẹ̀ jù. Ó máa ń dì mọ́ abẹ́ èèpo yìnyín, ó sì ń fa ẹsẹ̀ lọ.” Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹnu mi dùn débi pé Hamanaka ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ sójú ewé yìí. Ẹ̀yin náà kà á. Mo ní ẹni tí kò bá wúwo kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn án. Ìdánwò ìwé-ẹ̀rí àwọn afọ̀nàhàn orí òkè ni Fumie ń múra sílẹ̀ fún lọ́dún náà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ orí wáyà ló ń tà báyìí, ó sì ń tiro bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà.

Bàbá Shirato àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Kinue, lọ bá Fumie ní ọsibítù. Mo wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó tó bí bàbá mi fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọdébìnrin, ó ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ṣe ọ́ báyìí.” Fumie ń sunkún, ó ń sọ pé, “Bàbá, ẹ dìde, ẹ dìde.” Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di fìlà mi mú. Bí mo bá ní ìtìjú, ibẹ̀ ni ǹ bá ti sọ ọ́. Àtọjọ́ náà ni oorun ti di ìjà fún mi. Bí Fumie bá wò mí pẹ́, màá rò pé ó ti rántí. Bí Hamanaka bá ní, “Ọ̀gá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan,” màá ti máa wá irọ́ tí màá fi dáhùn, kó tó hàn pé ọ̀rọ̀ bíà ló fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti burú jù kò tíì dé. Nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, Bàbá Shirato gbé síkì tuntun wá bá mi. Ó ní, “Odajima, mo ti dín ìrù ẹ̀ kù. Bá mi gùn ún nínú yìnyín eléèpo, kó o sọ fún mi bóyá àléébù yẹn ti lọ.” Àléébù wo? Èmi ni mo dá àléébù náà sílẹ̀ látẹnu. Mo gùn ún, kò dì mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n adùn ti àkọ́kọ́ ti dín lára rẹ̀. Mo dúró lórí òkè, mo ń ronú. Bí mo bá ní ó ti lọ, Hamanaka á ní ká gbé méjèèjì síra, ká fi wéra nínú eléèpo kan náà, wọ́n á sì rí i pé ti àkọ́kọ́ pàápàá kì í dì mú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, “Bàbá, ó ṣì wà níbẹ̀.” Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, “Ó ṣì wà? Ó dáa, màá tún wò ó.” Lọ́dún kejì, ó mú kí igi inú rẹ̀ rọ̀. Mo ní ó ṣì wà. Ó tún mú kí imú rẹ̀ fẹ̀, ó tún gé ìrù. Màmá Kinue fà mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó ní, “Kì í jẹun mọ́ o. Ó máa ń fọwọ́ pa síkì yẹn lára bí ẹni ń wá eegun lára ẹja. Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè júwe ibi tó wà fún un ni?” Mo júwe ibì kan fún un. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn. Síkì tó dára jù tí mo gùn láyé mi, mo jẹ́ kí ẹni tó ṣe é máa fá a, máa gé e, nítorí àrùn tí kò sí lára rẹ̀.

Irọ́ náà wá di òótọ́. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ó gbé ti ìkẹyìn wá, ó sì dúró nísàlẹ̀ òkè láti wò mí fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé síkì náà ti bàjẹ́ pátápátá. Imú rẹ̀ ń fa ọ̀tún nígbà tí mò ń lọ sósì. Bí mo ṣe kan yìnyín eléèpo, èèpo náà dì í mú, ó jù mí sókè, mo fara gbá àpáta. Itan mi ṣẹ́, egungun ìhà mi gún mi nínú, n kò lè mí, mo rò pé ó ti parí. Bàbá Shirato fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọ́ gun òkè náà wá. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ bò mí, ó ń wí léraléra pé, “Ẹni kejì rè é. Mo ti ṣe ẹni kejì léṣe.” Ẹ gbọ́ mi o. Mo wà lẹ́nu ikú, ẹkún rẹ̀ ń kán sí mi lójú, n kò sì sọ ọ́.

Ẹnu Màmá Kinue ni mo ti gbọ́ èyí tó kù, nígbà tó gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní ọsibítù. Ó ní ọkọ òun ti fi ayùn gé gbogbo síkì tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ó ní ó ti sun pákó ìwọ̀n tó fi máa ń mọ ìbú àti gígùn wọn, tó sì fi ń tẹ̀ wọ́n, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Nígbà tí mo lè fi ọ̀pá rìn, mo ní kí Fumie pàdé mi nílé Bàbá Shirato. Itan mi kò gbà kí n kúnlẹ̀, nítorí náà mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ìbọ̀wọ́ títí dé orí àpáta. Fumie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Mo gbọ́ nọ́ọ̀tì yẹn nígbà tẹ́ ẹ ń yí i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ìrora ló ń dún létí mi. Mo bínú sí ara mi pé mo lè ro irú ẹ̀ sí yín.” Mo fẹ́ lanu, ó ní, “Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lónìí, ẹ̀gbọ́n. N ò ní èyí tí mo máa fún yín.” Màmá Kinue fi aṣọ bojú. Bàbá Shirato kò bú mi, kò lù mí. Ó kàn bi mí pé, “Ti àkọ́kọ́ yẹn. Báwo ló ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ gan-an?”

Ìbéèrè tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní, “Bàbá, nínú yìnyín ìyẹ̀fun, ó léfòó fúnra ẹ̀, n ò fi agbára tì í. Nínú eléèpo, ó là á kọjá, kò dì mú rárá. Ọmọ yìí ì bá dìde lọ́jọ́ yẹn, ì bá gbọn ara ẹ̀, ì bá máa lọ. Mo tún yọ́ gùn ún lẹ́yìn ìgbà yẹn nínú yìnyín olómi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi, ó ń yí bí mo ṣe fẹ́. N ò gun irú ẹ̀ rí, ẹ ò sì ní láti tún nǹkan kan ṣe lára ẹ̀.” Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Kinue, o gbọ́? Ó dáa.” Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ rẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó ní òun ti fá a, òun ti gé e nígbà púpọ̀, òun kò rántí bí ìrù ti àkọ́kọ́ ṣe fẹ̀ tó mọ́, tàbí bí igi inú rẹ̀ ṣe le tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù irọ́ ńlá kọ́ ni kó máa bà yín, èyí tí ẹ óò pa pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu ni kí ẹ sá fún. Èmi kò tún ní dán síkì wò fún yín mọ́. N kò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára yín ra síkì Bàbá Shirato kí n tó kọ irọ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbé e pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí kẹ́ ẹ fi ṣe ọgbà, nítorí ohun tí mo sọ. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, kódà bí ó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ nù ún, kí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè wọ̀n ọ́n, kó sì tún irú rẹ̀ ṣe. Arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ọdún tó ń bọ̀.