Mo Kọ Orúkọ Ìyá Mi Tó Wà Láàyè Sínú Ìwé Àwọn Òkú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀ ìwé yìí. N kò kọ ọ́. Sísítà ìjọ Kátólíìkì ni mí, ní agbègbè Ketu. Iṣẹ́ wa ni ká máa tọ́jú àwọn aláìní, ká fún wọn lóúnjẹ, ká wẹ egbò wọn, ká sì gba arúgbó tí kò lẹ́ni sílé. Àwọn tó ń tajà ní Mile 12 mọ̀ mí, ẹni Ọlọ́run ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ yẹn ti wá ń dùn mí. Ohun tó mú mi kọ̀wé báyìí ni pé dókítà sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹnì kan nínú àwọn arúgbó wa kò ní pẹ́ kú, ohun tí mo sì ṣe sí ẹni náà kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá mi bí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mùsùlùmí ni ìyá mi, ewé tí wọ́n fi ń wé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló ń tà ní ìlú wa lọ́nà Ìjẹ̀bú. Ewé yẹn ló fi rán mi nílé ìwé. Ilé ìwé àwọn Sísítà ni, ibẹ̀ ni mo ti ṣèrìbọmi, kò sì bá mi jà lórí ìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo sọ pé mo fẹ́ di Sísítà, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo bí. Ṣé wọ́n ní kó o má bímọ ni? Ọmọ ta ni màá wá gbé pọ̀n?"

Mo sọ fún un pé mo ti yí ọkàn padà, pé Ìbàdàn ni mo ń lọ, mo fẹ́ lọ wáṣẹ́. Èkó ni mo wá. Lẹ́tà méjì péré ni mo kọ sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Kí wọ́n tó gba ọmọbìnrin sílé àwọn Sísítà, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò ní fọwọ́ sí i láyé. Nígbà tí Mọ́dà, ìyẹn olórí ilé wa, bi mí nípa àwọn òbí mi, mo ní àwọn méjèèjì ti kú. Wẹ́rẹ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Mọ́dà gbá mi mọ́ra, ó ní kí n má sunkún, bẹ́ẹ̀ n kò sunkún rárá. Ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ìyá mi kò ní, kò sì sẹ́ni tó lè pè é wò.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi yan ikú fún ìyá mi kí ẹ̀sín má bàa kàn mí.

Oṣù kọkànlá ni àwa Kátólíìkì máa ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa. Olúkúlùkù á kọ orúkọ òkú tirẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, wọn á sì kà á sókè kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, Mọ́dà fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà fún mi. Kí ni kí n ṣe? Mo kọ ọ́: Sàbítíyù Àjọkẹ́. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko la fi ń tọrọ ìsinmi fún obìnrin tó ń já ewé nínú igbó, tí ara rẹ̀ le koko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé n kò jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fádà. Mo jẹ́wọ́. Àmọ́ ohun tí mo sọ kò ju "Mo purọ́" lọ. Fádà ní kí n ka "Mo kí ọ Màríà" lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á, mo sì lọ jẹun.

Ní ọdún keje, èmi ni wọ́n ní kí n ka àwọn orúkọ náà. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí a máa ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní lẹ́yìn Mísà, ṣọ́ọ̀ṣì sì kún. Mo kà á títí mo fi dé orí orúkọ ìyá mi. Mo pè é ketekete. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá mi ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, ó fi ìborùn bo orí, ó káwọ́ méjèèjì sí àyà. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé eléwé kan láti ìlú wa ló rí mi ní Mile 12, tó lọ sọ fún un.

Mo rò pé ó máa dìde, kó figbe ta. Mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí màá sọ: pé orí obìnrin náà kò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Kò pariwo. Ó tò sórí ìlà àwọn tó ń gba oúnjẹ. Nígbà tó dé iwájú mi, Mọ́dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mọ́dà ní, "Mama, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ sọ name yín fún Sister, kí wọ́n lè write ẹ́ sínú register."

Ìyá mi wò mí. Ó ní, "Rábíátù ni wọ́n ń pè mí." Ó gba ìrẹsì, ó wá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ ṣeun o, Sister. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín."

Ìyá tó bí mi ló ń kúnlẹ̀ fún mi, tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ dìde, Mama. Ẹni tó kàn dà?"

Kò padà sílé. Ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn eléwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mile 12, ó sì ń wá ní gbogbo Sátidé, ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, mo bá òun nìkan nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní, "Màámi." Ó yára wẹ̀yìn. Ó ní, "Dákẹ́! Má pè mí bẹ́ẹ̀ níbí. Tí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọn ò ní lé ẹ? Níbo lo wá fẹ́ lọ, tó ò lọ́kọ, tó ò lọ́mọ?" Ó bi mí bóyá mo ń jẹun dáadáa. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ó yẹ kí n bú sẹ́kún. Àmọ́ òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: ńṣe lara tù mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nídìí ọjà rẹ̀. Àwọn eléwé gbé e wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ní kò lẹ́nì kankan. Mọ́dà gbà á sí yàrá àwọn arúgbó. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Àwọn obìnrin tó máa ń gbé ẹ̀bùn wá láti ẹ̀sítéètì ní Ìkòsì a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wò mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sister, see love! Bíi pé mummy yín ni." Mo rẹ́rìn-ín, ó sì yà wá ní fọ́tò.

Lánàá, Mọ́dà gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi, ó ní ká wá ẹbí màmá náà kó tó kú. Mo mọ ẹbí rẹ̀. Mo mọ lèmọ́mù tó yẹ kó kírun sí i lára. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí n bọ́ aṣọ yìí, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n máa fi sin ín, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Mọ́dà dúró tì mí, mo bá bi í sókè: "Mama, ṣé ẹ bímọ?"

Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, àmọ́ ìdáhùn yẹn kò wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí lójú. "Rárá, Sister. Mi ò bímọ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ẹ má kàn sọ pé kí n lọ bẹ ìyá mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo tilẹ̀kùn, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "Kí lo ṣe? Dìde, kó o tún ìbòrí rẹ ṣe kó o tó jáde."