Ìgò Tí Mo Pààrọ̀ Lọ́jọ́ Àyẹ̀wò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọbìnrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn yẹn, ẹ wá síwájú. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni sáré yí pápá ká lónìí. Ìwọ tó ń sín, sín tán ká lè gbọ́ràn. Mo mọ̀ pé Ìyá Fèrè lẹ máa ń pè mí tí mi ò bá sí nítòsí. Ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni? Èmi tí mò ń fọn fèrè sí yín létí láràárọ̀, etí tèmi náà ò di. Ó dáa. Lọ́la ni mò ń bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fún yín lọ́rọ̀ ìyànjú, kí n sọ bí obìnrin ṣe ń di sájẹ́ǹtì àgbà. Mo ti se irọ́ kan tó dùn sílẹ̀ fún yín, ó jinná dáadáa. Àmọ́ bí mo ṣe rí ojú yín báyìí, irọ́ náà há mi lọ́fun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún. Òtítọ́ tèmi yìí, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Àmọ́ ó ti dé. Ẹ gbọ́ mi títí dópin, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín.

Nígbà tí èmi náà jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, àwa obìnrin ò tó nǹkan nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn ọkùnrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, wọ́n á máa wò wá bí ìgbà téèyàn ń wo ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ìbọn ro ọbẹ̀?" Ẹni tó máa ń dá wọn lóhùn jù ni ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè tèmi. Á ní, "Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ jẹ́ ká pàdé lórí pápá." Tí wọ́n bá sì pàdé lóòótọ́, eruku ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á máa jẹ. Ẹsẹ̀ Ehoro là ń pè é. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kó wọṣẹ́ yìí rárá. Ó ní ọmọbìnrin tó bá lọ bá sójà gbé, oyún ló máa gbé wálé. Ọmọ náà dáhùn pé, "Bàbá mi, ipò ni màá gbé wálé." Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun ògiri. Á bẹ̀rẹ̀, á ní, "Gùn ún, ìwọ ọ̀lẹ yìí!" Èmi á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè.

Ẹ mọ òfin. Ẹni tó bá lóyún kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó parí, ilé ló ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣàdédé, nọ́ọ̀sì bárékè pín ìgò kékeré fún wa ká tọ̀ sí i, tépù funfun wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà kálukú sí. Èmi sì ti mọ ohun tó wà nínú mi. Oyún ni, láti ilé ni mo ti gbé e wá. Ta ló ni ín? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, onítọ̀hún ò rántí mi mọ́. Mo tọ̀ sínú ìgò tèmi, mo gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ẹsẹ̀ Ehoro jáde, ó na ìgò tirẹ̀ sí mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi mú un, kí n so okùn bàtà mi, kí wọ́n má tún pariwo lé mi lórí." Ó bẹ̀rẹ̀. Kó tó nàró, mo ti ṣí tépù méjèèjì, mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sára ìtọ̀ mi, mo fi tèmi sára tirẹ̀. Ọwọ́ yìí ni. Ọwọ́ tí mo fi kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Ó gba ìgò náà, ó ní, "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi."

Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ síta pé ó lóyún, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò tíì mọ ọkùnrin rí." Obìnrin tó ń darí wa ní, "Ó dáa, atẹ́gùn ló fún ẹ lóyún." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́? Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n sì pe èmi tá a jọ ń gbé yàrá. Ó dúró ṣánṣán, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, torí sójà kì í mira níwájú ọ̀gá. Ó ní, "Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ tún mi yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọ̀gá yẹn kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ti gbé fóònù kó pe nọ́ọ̀sì. Ó kàn bojú wò mí, ó ní, "Ìwọ, ṣé o ti rí ọkùnrin lọ́dọ̀ rẹ̀ rí?" Ẹsẹ̀ Ehoro mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀! Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹni yìí mọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn." Mo sì sọ fún wọn. Mo ní, "Mo rí i, sà. Lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan." Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò bú mi, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìwọ?"

Wọ́n lé e lọ sílé, bàbá rẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí ikùn rẹ̀ ò yọ, wọ́n ní ó ti ṣẹ́ ẹ ni. Kí ló fẹ́ fi jà? Tó bá yọ, ó jẹ̀bi. Tí ò yọ, ó jẹ̀bi. Oyún tèmi ńkọ́? Kò tiẹ̀ pẹ́. Abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún tá à ń rá kòrò kọjá ló ti wálẹ̀ lára mi. Mo fọ ṣòkòtò mi, mo padà sórí ìlà. Nítorí ohun tí ò dúró, mo ba ayé ẹni tó dúró tì mí jẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé mi ga, tí wọ́n ní kí n bọ́ síwájú, èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó yẹ kó dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní eré sísá báyìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, ojora mú mi, mo sá.

Lọ́la, tí mo bá ti bọ́ aṣọ yìí, mi ò ní sá mọ́. Màá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá bárékè náà. Kó kọ ọ́ síbi tó bá fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn ọkùnrin tó ń yọ wá lẹ́nu yẹn, wọn ò lè lé obìnrin kan kúrò bí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lè lé e. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí n tó lọ bá a, ẹ̀yin tí mo tọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀. Mi ò pàṣẹ, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó bá lè foríjì mí nínú yín, kó dìde.

Háà, gbogbo yín lẹ dìde, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á… ta ló ní kí ẹ kẹ́yìn sí mi?