Ọ̀kẹ́ Mẹ́jọ Ó Lé Ẹyọ Kan

Atún-aago-ṣe nu síléètì rẹ̀, ó kọ 160,001 sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́ta pín in. Lónìí, bó ti wù kó rí, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde; ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ bí irọ́ tó pa ti tóbi tó.

Yàrá kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ń tọ́ ara wọn níjà láti kékeré. Wọ́n wá ṣàdéhùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan, yàtọ̀ sí ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀, lè pín ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ó lé ẹyọ kan, ìyẹn 160,001, láìṣẹ́kù, òun ni yóò gba ìdí fèrèsé. Kò pẹ́ tí atún-aago-ṣe fi pariwo pé òun ti fi gbogbo nọ́ńbà tó yẹ pín in, kò sì sí èyí tó wọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Orúkọ nọ́ńbà náà lásán ló gbọ́, ó sì wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé: "'Ó lé ẹyọ kan' kẹ̀? Ohunkóhun tó bá pín in, ẹyọ kan ni yóò máa ṣẹ́kù. Ó parí!" Òótọ́ ni fún méjì, fún márùn-ún, fún ogún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ ti ń gún un níka. "Ojú mi ló ń dàgbà," ni obìnrin náà máa ń wí, tí ọkàn àbúrò rẹ̀ yóò sì máa dá a lẹ́bi.

Lánàá, eré ló fi ń ṣe tó fi mẹ́ta pín ẹgbàárin ó lé ẹyọ kan, ìyẹn 8,001. Ó pín geerege! Bí 'ẹyọ kan' kò bá gba nọ́ńbà kékeré là, ta ló sọ pé yóò gba ńlá là?

Ìdí nìyí tó fi jókòó ti síléètì. Kò ní ré kọjá irinwó, nítorí irinwó lọ́nà irinwó ni ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Bí nọ́ńbà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ bá pín in, ẹnìkejì rẹ̀ tó kéré yóò ti fojú hàn ṣáájú. Èyí tí nọ́ńbà kékeré mìíràn bá lè pín, ó ń fò ó. Ó fi mẹ́ta pín in, méjì ṣẹ́kù. Ó fi méje pín in, méjì náà ló ṣẹ́kù. Ó dùn mọ́ ọn bí ẹni tó ṣí ẹ̀yìn aago. Nígbà tó kan igba ó dín méje, mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù. Níkẹyìn, irinwó ó dín mẹ́ta: mẹ́wàá ṣẹ́kù. Kò sí èyí tó pín in.

Ó gbé síléètì lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. N kò pín nǹkan kan. Èmi ni mo tì yín sínú òkùnkùn tí abẹ́rẹ́ fi ń gún yín. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pín in tán. Ẹ foríjì mí."

Obìnrin náà gbé síléètì súnmọ́ imú. "Igba ó dín méje, mẹ́rin ló kù? Ó mà kù díẹ̀ kó wọlé o!" Ó gbé síléètì náà sílẹ̀. "Alárékérekè. Ojú mi kọ́ ló ń dàgbà nígbà náà?"

"Ojú yín kọ́."

"Ìdáhùn rẹ ọjọ́sí sì tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ni o kò tọ̀nà. Mo ti foríjì ọ́. Ó yá, gbé tábìlì rẹ kúrò ní ìdí fèrèsé."

Ó gbé e.